Àkókó (ẹyẹ)

Ojú-ewé yìí dá lórí ẹyẹ. Fún igi tí a máa ń fi ewé rẹ̀ joyè, ẹ wo Akòko. Fún àwọn ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ wo Àkókó (agbègbè).

Àkókó ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe ẹyẹ tí ó máa ń fi àgógó ẹnu rẹ̀ gbẹ́ igi láti wá oúnjẹ àti láti ṣe ilé. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, inú ẹbí Picidae ni a pín àkókó sí, ẹbí yìí sì wà lábẹ́ ọ̀wọ́ ńlá tí a ń pè ní Piciformes. Irú àkókó tí a mọ̀ ní àgbáyé lé ní 230. Wọ́n wà ní Áfíríkà, Éṣíà, Yúróòpù àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù, ṣùgbọ́n kò sí wọn ní Ọsirélíà, New Guinea, New Zealand àti Madagásíkà. Inú igbó àti ọ̀dàn tí igi wà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí díẹ̀ nínú wọn tí ó ń gbé ní aṣálẹ̀ tàbí lórí àpáta. Ihò tí àkókó bá gbẹ́ sára igi máa ń di ilé fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá mìíràn, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí igbó kò lè ṣe aláìní.

## Orúkọ àti ìpínsọ́rí

Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú kíkọ orúkọ ẹyẹ yìí. Bí a bá kọ “akoko” láìfi àmì ohùn sí i, ó lè tọ́ka sí ohun mẹ́rin: àkókó tí ó jẹ́ ẹyẹ, àkókò tí ó jẹ́ ìgbà, akòko tí ó jẹ́ igi, àti Àkókó tí ó jẹ́ orúkọ agbègbè. Ẹyẹ àkókó àti igi akòko kò bá ara wọn tan rárá. *Newbouldia laevis* ni orúkọ sáyẹ́ǹsì igi náà, kì í sì í ṣe orí rẹ̀ nìkan ni ẹyẹ yìí ti ń jẹun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yé ni láìsí àṣìgbọ́ lè kọ “ẹyẹ àkókó”.

Ẹ̀ka mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ pín ẹbí Picidae sí. Ẹ̀ka kìíní ni ti *Jynx*, tí irú méjì péré wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ́ igi. Ihò tí wọ́n bá bá nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, tí ewu bá sì dé, wọn a máa lọ́ ọrùn wọn bí ejò. Ẹ̀ka kejì ni ti àwọn àkókó kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀ka kẹta ni ti àwọn àkókó gidi, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ. Lára àwọn ẹyẹ tí ó súnmọ́ àkókó nínú ìran ni àwọn ẹyẹ afọ̀nà-oyin-hàn, tí wọ́n ń fi ibi tí oyin wà han ènìyàn ní àwọn apá kan Áfíríkà.

## Ìrísí ara

Àkókó yàtọ̀ síra ní títóbi. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí a mọ̀ dájú pé ó wà láàyè ni *Mulleripicus pulverulentus* ti gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mítà. Àwọ̀ dúdú, funfun, eérú, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé ni ó pọ̀ lára wọn. Nínú ọ̀pọ̀ irú, akọ ni ó ní àwọ̀ pupa ní orí tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, abo kì í ní in, tàbí kí tirẹ̀ kéré sí ti akọ. Nípa èyí ni a fi ń dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo.

Gbogbo ara àkókó ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu:

* Ẹsẹ̀. Ìka méjì kọ iwájú, ìka méjì kọ ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Èékánná wọn mú, ó sì tẹ̀ kọdọrọ, èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n lè di èèpo igi mú gírígírí. Àwọn irú kan wà tí ìka ẹsẹ̀ wọn jẹ́ mẹ́ta péré.
* Ìrù. Ìyẹ́ ìrù àwọn àkókó gidi le, ó sì gan. Ẹyẹ náà máa ń fi í ti ara igi bí ẹni fi ọ̀pá tẹlẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì àti ìrù yóò fi jọ gbé e dúró. Nígbà tí ìyẹ́ bá ń rẹ̀, ìyẹ́ méjì tí ó wà láàárín ìrù ni ó máa ń kẹ́yìn, kí ẹyẹ náà má baà pàdánù ohun tí ó ń fi ara tì.
* Àgógó ẹnu. Ó gùn, ó tọ́, ó sì le bí irin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́gi. Bí iṣẹ́ ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń hù, nítorí náà kì í jẹ tán.
* Ihò imú àti ojú. Àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ bo ihò imú rẹ̀ kí ìyẹ̀fun igi má baà wọlé. Ìpéǹpéjú kẹta tí ó fẹ́lẹ́ sì máa ń bo ẹyinjú kí àgógó tó kan igi.
* Ahọ́n. Ahọ́n àkókó gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ fíìfíì. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé ahọ́n náà ró lọ yí ẹ̀yìn agbárí ká, ó sì gba orí òkè padà wá sí iwájú. Itọ́ tí ó lẹ̀ àti àwọn ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà ní ṣóńṣó ahọ́n yìí, tí ó fi lè fa ìdin yọ láti inú ihò tí ó jìn.

## Bí orí rẹ̀ ṣe ń gba ìkọlù

Àgógó àkókó lè kan igi pẹ̀lú eré tí ó tó mítà 6 sí 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agbára tí orí rẹ̀ ń gbà nígbà náà lè ju agbára òòfà ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1,000. Bí orí ènìyàn bá gba irú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ yóò ṣèṣe. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń béèrè ohun tí ó ń dáàbò bo ọpọlọ ẹyẹ yìí. Ní ọdún 2006, a fún Ivan Schwab àti olóògbé Philip May ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tí a fi ń yẹ́ ìwádìí tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín kí ó tó mú ni ronú, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìdí tí orí kì í fi í fọ́ àkókó.

Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni pé egungun iwájú orí rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù, òun ni ó sì ń gba ìkọlù náà mọ́ra. Ní ọdún 2022, Sam Van Wassenbergh ti Yunifásítì Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ó tako àlàyé yìí. Wọ́n fi kámẹ́rà tí ń ya àwòrán kíákíá ṣàyẹ̀wò irú àkókó mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń sá igi, wọ́n sì rí i pé agbárí náà ń ṣiṣẹ́ bí òòlù tí ó le, kì í ṣe bíi tìmùtìmù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: bí egungun orí bá ń gba ìkọlù mọ́ra, agbára tí ó yẹ kí ó wọ inú igi yóò ṣòfò, ẹyẹ náà yóò sì ní láti fi agbára púpọ̀ sí i gbẹ́ ihò kan náà. Ohun tí ó ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí náà ti fi hàn, ni pé ọpọlọ náà kéré, ó sì fúyẹ́, tí ìkọlù tí ó ń gbà kò fi tó èyí tí ó lè pa á lára.

## Oúnjẹ

Kòkòrò ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ àkókó, pàápàá ìdin tí ó ń jẹ igi láti inú, èèrà àti ikán. Àkókó máa ń kan ara igi díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí ihò àwọn kòkòrò wà lábẹ́ èèpo, lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́ ibẹ̀, tí yóò sì na ahọ́n rẹ̀ wọlé. Wọ́n tún máa ń jẹ èso, kóró àti oje igi.

Kì í ṣe orí igi nìkan ni gbogbo wọn ti ń wá oúnjẹ. *Picus viridis*, àkókó aláwọ̀ ewé ti Yúróòpù, a máa wá èèrà lórí ilẹ̀ nínú pápá. *Geocolaptes olivaceus* ti gúúsù Áfíríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú igi: àárín àpáta ni ó ń gbé, èèrà ni ó ń jẹ, inú ihò tí ó gbẹ́ sí ògiri ilẹ̀ ni ó sì ń yé sí. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, àwọn àkókó amoje, tí ìran wọn ń jẹ́ *Sphyrapicus*, máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ lẹ́sẹẹsẹ sára igi kí oje lè sun jáde. Àwọn ẹyẹ mìíràn àti kòkòrò náà máa ń wá mu nínú oje yìí.

*Melanerpes formicivorus*, tí ó ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà títí dé Kòlóḿbíà, ni a mọ̀ fún àká kíkọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké sára igi kan, wọn a sì ki èso igi óókù kọ̀ọ̀kan bọ ihò kọ̀ọ̀kan de ìgbà tí oúnjẹ yóò wọ́n. Bí èso bá gbẹ tí ó sì sún kì, wọn a yọ ọ́ lọ sí ihò tí ó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, kí àwọn olè má baà rí i yọ. Irú igi àká bẹ́ẹ̀ lè ní ihò tí ó tó 50,000, nítorí pé ìran dé ìran ni ó ń bá iṣẹ́ náà lọ.

## Ìlù lílù

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ àkókó lára igi ni ó ń wá oúnjẹ. Ẹyẹ yìí kì í kọrin bí àwọn ẹyẹ mìíràn. Ìlù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rọ́pò orin. Igi gbígbẹ tàbí ẹ̀ka tí ó ṣófo, tí ó lè dún jìnnà, ni yóò yàn, yóò sì lù ú léraléra láìdáwọ́ dúró. *Dendrocopos major* ti Yúróòpù àti Éṣíà lè lu igi tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlù yìí ni ẹyẹ náà fi ń kìlọ̀ fún àwọn àjèjì pé ilẹ̀ ti ní olówó, òun náà ni ó sì fi ń pe olólùfẹ́. Akọ àti abo ni wọ́n ń lù ú. Bí igi kò bá sí nítòsí, wọ́n lè lu páànù orí ilé tàbí òpó iná.

## Ilé àti ìbísí

Akọ àti abo ni wọ́n jọ máa ń gbẹ́ ilé, àmọ́ akọ ni ó sábà máa ń ṣe èyí tí ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ihò kan. Wọn kì í kó koríko tàbí ewé sínú rẹ̀. Eérún igi tí ó bọ́ nígbà gbígbẹ́ ni ẹyin ń sùn lé. Funfun ni ẹyin wọn, ó sì sábà máa ń wà láàárín méjì sí márùn-ún, àwọn irú kan sì ń yé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sàba lé e ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú, akọ ni ó ń sùn tì í ní òru. Láàárín ọjọ́ 11 sí 14 ni ẹyin ń pa. Ìhòòhò ni ọmọ wọn máa ń wà nígbà tí ó bá jáde, ojú rẹ̀ kì í sì í tíì là.

Ewu kò jìnnà sí ilé yìí. Ejò máa ń gun igi wá jẹ ẹyin àti ọmọ. Ní Áfíríkà, àwọn irú ẹyẹ afọ̀nà-oyin-hàn kan máa ń yọ́ wọlé lọ yé ẹyin tiwọn sínú ihò àkókó, kí àkókó lè bá wọn tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ àlejò náà a máa fi ìkọ́ tí ó wà ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ pa àwọn ọmọ onílé.

## Àǹfààní ihò àkókó fún àwọn ẹ̀dá mìíràn

Nínú òwe Yorùbá, àkókó dúró fún ẹni tí ó ń fọ́nnu iṣẹ́ gbígbẹ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò lo ohun tí ó gbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ ní ti ènìyàn, nítorí pé odó àti ọpọ́n kì í ti ọ̀dọ̀ ẹyẹ wá. Nínú igbó, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọ̀pọ̀ àkókó máa ń gbẹ́ ihò tuntun ní ọdọọdún, àwọn tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ kì í ṣófo pẹ́. Òwìwí, àdán, ọ̀kẹ́rẹ́, oyin àti àwọn ẹyẹ tí àgógó wọn kò lágbára tó láti gbẹ́ igi ni wọ́n ń kó wọ inú rẹ̀.

Ní àwọn igbó tútù Yúróòpù, òwìwí *Aegolius funereus* gbára lé ihò tí àkókó dúdú, *Dryocopus martius*, bá fi sílẹ̀. Ní aṣálẹ̀ Arizona, *Melanerpes uropygialis* ń gbẹ́ ihò sára kákítọ́ọ̀sì ńlá tí ó ń jẹ́ saguaro. Oje kákítọ́ọ̀sì náà a gbẹ, a sì le bí ògiri, òwìwí kékeré *Micrathene whitneyi* a sì wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí àkókó bá tán ní irú ibi bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ń gbé inú ihò rẹ̀ náà yóò dínkù.

## Àkókó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Oríṣiríṣi àkókó ni ó wà ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Lára wọn ni:

* *Dendropicos goertae*, àkókó eérú. Orí àti àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ àwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ sì pupa. Akọ ní àwọ̀ pupa ní àtàrí. Ó wọ́pọ̀ ní ọ̀dàn, oko àti àwọn ọgbà inú ìlú, bóyá òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rí.
* *Dendropicos fuscescens*. Àkókó kékeré tí ó wà káàkiri Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà.
* *Campethera punctuligera*. Ó ń gbé ní ọ̀dàn, ó sì fẹ́ràn èèrà àti ikán, tí ó fi máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá a lórí ilẹ̀.
* *Dendropicos pyrrhogaster*, àkókó oníkùn-pupa. Inú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Àwọ̀ pupa fòò wà láti àyà dé ikùn rẹ̀.
* *Campethera nivosa*. Ẹyẹ igbó tí ó ń jẹ èèrà, tí ó sì máa ń gbẹ́ ilé rẹ̀ sínú ìtẹ́ èèrà tàbí ti ikán tí ó wà lórí igi.
* *Sasia africana*. Àkókó tí ó kéré jù lọ ní Áfíríkà, tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Inú igbó kìjikìji ni ó ń gbé.

## Ewu àti ìdáàbòbò

Ohun tí ó ń dín àkókó kù jù lọ ni gígé igbó, pàápàá gígé àwọn igi àgbà àti igi gbígbẹ. Igi tí ó ti kú lè dà bí ohun tí kò wúlò lójú agégi tàbí ẹni tí ó ń wá igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ilé àkókó wà. Àpẹẹrẹ mẹ́ta láti Àríwá Amẹ́ríkà fi ìtàn yìí hàn kedere.

*Campephilus imperialis* ti Mẹ́síkò ni àkókó tí ó tóbi jù lọ tí a tíì mọ̀. Ọdún 1956 ni a rí i kẹ́yìn lọ́nà tí ó dájú, nígbà tí William Rhein ya fíìmù abo kan ní Durango. Agégi àti ọdẹ ni wọ́n pa á run ní ilé rẹ̀.

*Campephilus principalis*, aláàgógó eyín erin, ni ìbátan rẹ̀ tí ó ń gbé ní gúúsù ìlà oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kúbà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1944 ni gbogbo onímọ̀ gbà pé a rí i kẹ́yìn, nínú igbó kan tí a ń pè ní Singer Tract ní Louisiana, níbi tí àwọn agégi ti ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà dábàá láti kéde pé ó ti run. Nígbà tí wọ́n kéde àwọn ẹ̀dá tí ó ti run ní ọdún 2023, wọn kò fi ẹyẹ yìí sí i, nítorí pé àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ó wà láàyè.

Àpẹẹrẹ kẹta yàtọ̀. *Leuconotopicus borealis* ń gbẹ́ ilé sára igi páìnì àgbà tí ó ṣì wà láàyè, pàápàá páìnì elewé gígùn. Nítorí pé igi náà le, ihò kan lè gbà á ní ọdún kan tàbí ọdún púpọ̀, olú tí ó ń mú inú igi náà rọ̀ ni ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Ẹyẹ yìí a tún máa ṣá èèpo yíká ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí oje lè máa sun, tí ejò kò fi ní lè gùn ún. Àwọn ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà máa ń dúró ti àwọn òbí wọn láti bá wọn tọ́ àbúrò. Nígbà tí a gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbó páìnì yìí, ẹyẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a sì fi í sí ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun ní ọdún 1970. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, ìjì líle Hugo wó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ lára àwọn igi tí ilé rẹ̀ wà nínú Igbó Ọba Francis Marion ní South Carolina. Àwọn onímọ̀ gé ihò sára àwọn igi tí ó kù, wọ́n sì ki àpótí tí a ti gbẹ́ ihò sí bọ inú wọn. Àwọn ẹyẹ náà gbà á, wọ́n sì ń bí sí i. Pẹ̀lú irú iṣẹ́ yìí àti jíjó abẹ́ igbó ní ìwọ̀n, iye wọn gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yí ipò rẹ̀ padà ní ọdún 2024, láti ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun sí ẹ̀dá tí ewu ń súnmọ́.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àjọ IUCN kò tíì ka àkókó eérú àti àkókó oníkùn-pupa mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú ewu. Síbẹ̀, àwọn irú tí kò lè kúrò nínú igbó ni pípa igbó run fún oko, pákó àti èédú yóò kọ́kọ́ kàn. Fífi igi gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró nínú oko, níbi tí kò ti lè wó lu ènìyàn tàbí ilé, jẹ́ ọ̀nà kan tí kò náni lówó láti dáàbò bò wọ́n. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n ń kópa nínú iṣẹ́ àkójọ ẹyẹ Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project, ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ sílẹ̀, títí kan àkókó, kí a lè mọ ibi tí irú kọ̀ọ̀kan ṣì wà àti ibi tí ó ti ń dínkù.